Ohun tí ọ̀rọ̀-atọ́kùn fi yé mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́

Nínú gbogbo orúkọ tí a fi ń pe ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ nínú gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí jù láì mọ ìdí tí ó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ọ̀rọ̀-atọ́kùn, wọn yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé òun ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí àpólà-orúkọ nínú gbólóhùn, wọn yóò sì ka ní, sí, ti àti fún gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìdáhùn yìí gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ síwájú láti béèrè ẹni tí ń jẹ́ atọ́kùn gan-an, kí gírámà tó yá orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a sì wà ní Ọ̀yọ́, ìlú tí Aláàpinni tí í ṣe ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́mèsì ti jẹ́ olórí àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn tí ń ṣe eégún, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, níbi tí kò yẹ kí atọ́kùn ṣàjèjì sí ọmọdé kankan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ìlú yìí, ohun tí iṣẹ́ náà sì fi yé mi ni pé orúkọ tí a sọ ẹ̀yà gírámà kan ni àlàyé àkọ́kọ́ tí a ní nípa iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ibi tí orúkọ náà ti wá yóò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ nínú gbólóhùn tí kò rí rí, èyí tí ó bá sì há àpẹẹrẹ mẹ́rin sórí yóò dúró síbi àpẹẹrẹ mẹ́rin náà. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni ó kọ́ mi ní èyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ètò ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó gbé wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni òun náà ti wá. Ìwé gírámà kékeré kan wà tí a máa ń kà sí iṣẹ́ Dionysius Thrax, ẹni tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ìwé náà pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí 8, ó sì pe ọ̀kan nínú wọn ní prothesis, èyí tí ó túmọ̀ sí fífi nǹkan síwájú. Ó ka 18 nínú irú ọ̀rọ̀ yìí fún èdè Gíríìkì, 6 jẹ́ onísílébù kan, 12 sì jẹ́ onísílébù méjì. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ń kọ gírámà èdè Látìn, wọ́n kàn yí orúkọ náà sí èdè tiwọn ni, wọ́n pè é ní praepositio, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ rárá. Ìwé Donatus, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 350 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, àti ti Priscian, tí ó kọ́ni ní Constantinople ní nǹkan bí ọdún 500, ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù fi kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, láti inú wọn ni orúkọ náà sì ti wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ àwa náà.

Bí a bá yẹ orúkọ yẹn wò dáadáa, a ó rí i pé ipò nìkan ni ó ń sọ. Ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró sí fún wa, kò sọ ohun tí ó dúró síbẹ̀ ṣe. Ipò náà kò sì dúró ṣinṣin ní ibi gbogbo. Nínú èdè Látìn fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé “pẹ̀lú mi” yóò sọ pé mecum, níbi tí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “pẹ̀lú” ti wà lẹ́yìn èyí tí ó túmọ̀ sí “mi”. Àwọn ará Japan yóò sọ pé Tokyo ni níbi tí àwa yóò ti sọ pé ní Tokyo. Ìró méjèèjì jọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè wọn àti èdè wa kò tan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orúkọ ìlú ni tiwọn ń gbé. Kò dìgbà tí a bá lọ sí Japan pàápàá, nítorí èdè Izon tí wọ́n ń sọ ní Niger Delta níhìn-ín ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní láti wá orúkọ mìíràn fún irú èyí, nítorí pé “fífi síwájú” kò bá ohun tí ó wà lẹ́yìn mu.

Orúkọ “fífi síwájú” yìí náà ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gírámà Yorùbá. Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀sóògùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 pẹ̀lú àlàyé gírámà níwájú rẹ̀, ó sì tẹ ìwé gírámà gan-an jáde ní 1852. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀, ilé ìmọ̀ Smithsonian sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Washington ní 1858. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi kọ̀wé, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì fi wọn èdè wa. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà kò rí ọ̀nà tẹ̀lé.

Ìṣòro mìíràn dé nígbà tí ó di pé a fẹ́ fi èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ́ gírámà Yorùbá. A kò lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ gbogbo nǹkan nínú kíláàsì Yorùbá. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé orúkọ tí a fi ń pe nǹkan nínú ẹ̀kọ́, jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni ó sì ṣe olóòtú rẹ̀. Ní 1990, ìkejì tẹ̀ lé e lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ọdún 1990 yẹn náà ni Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde lórí fonọ́lọ́jì àti gírámà Yorùbá, tí ó fi Yorùbá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wú mi lórí púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, pé èdè wa lè sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ láì yá ẹnu ẹlòmíràn lò.

Nínú àwọn orúkọ tí a fi Yorùbá sọ wọ̀nyí, àwọn kan tẹ̀ lé ti Látìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Nomen ni Látìn pe ọ̀rọ̀-orúkọ, orúkọ náà sì ni nomen túmọ̀ sí. Pronomen ni wọ́n pe arọ́pò-orúkọ, èyí ni ohun tí ó dúró fún orúkọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé Látìn bẹ́ẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí, ìbá máa jẹ́ ọ̀rọ̀-aṣíwájú tàbí ohun tí ó jọ ọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òde eégún ni wọ́n lọ, wọ́n sì mú atọ́kùn, ẹni tí ń darí eégún, wá. Nínú gbogbo èdè-ìperí gírámà tí mo mọ̀, n kò tíì rí èyí tí ọgbọ́n ìsọmọlórúkọ rẹ̀ jinlẹ̀ tó èyí.

Bí a bá tú atọ́kùn palẹ̀, a ó rí mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ́, àti ọ̀rọ̀-orúkọ okùn. Tọ́ inú rẹ̀ ni ti atọ́nà àti atọ́kọ̀, ó jẹ mọ́ dídarí nǹkan sí ibi tí ó ń lọ. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò náà ti yá orúkọ náà lò fún ẹni tí ó ń darí ètò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀ ni gbogbo wa ti rí i yá.

Nítorí pé mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó ṣe é, mo lọ kí bàbá àgbàlagbà kan tí agboolé wọn jẹ́ agboolé ọ̀jẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti tọ́kùn eégún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an ni atọ́kùn ń ṣe?” Ó wò mí díẹ̀, ó ní, “Olùkọ́, ará ọ̀run ni eégún. Ó mọ ijó, ó mọ ìwúre, ó mọ oríkì gbogbo wa, ṣùgbọ́n ìgboro wa kọ́ ni ìgboro tirẹ̀. Àwa ni a mọ ilé tí ó yẹ kí ó yà, àwa ni a mọ àgbà tí ó yẹ kí ó dúró kí. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ará ọjà, àwa la ó sọ ọ́ yé wọn. Bí kò bá sí atọ́kùn, eégún ṣì ni eégún, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ohun tí ó wá ṣe lágbo?” Mo béèrè bóyá atọ́kùn máa ń wà níwájú eégún nígbà gbogbo. Ó ní rárá, pé ìgbà mìíràn òun a wà níwájú, ìgbà mìíràn òun a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé ibi tí iṣẹ́ bá wà ni òun ń dúró sí.

Ìdáhùn ìkẹyìn yẹn ni ó ràn mí lọ́wọ́ jù. Ipò kọ́ ni ó sọ ènìyàn di atọ́kùn, iṣẹ́ ni, orúkọ tí a fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ yìí sì lè bá ti àwọn ará Japan mu bí ó ti bá tiwa mu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láti inú ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni àlejò nínú gbólóhùn yìí, ta ni ó sì mú un wọlé?

Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé “Ìyá ra iṣu.” Iṣu kì í ṣe àlejò níbẹ̀, nítorí pé àbọ̀ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ra sì mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ ibi tí Ìyá ti rà á, a kò lè kàn sọ pé “Ìyá ra iṣu Akẹ̀sán”, àfi bí ó bá jẹ́ pé irú iṣu tí ó wá láti ọjà Akẹ̀sán ni a ń sọ. Akẹ̀sán nílò ẹni tí yóò mú un wọ inú gbólóhùn náà: “Ìyá ra iṣu ní Akẹ̀sán.” Bẹ́ẹ̀ náà ni “Bàbá fún mi ní owó.” Àbọ̀ kan ni fún ní àyè fún, mi sì ti gba àyè náà, bí owó yóò bá wọlé, ní ni yóò mú un wá. Kò sí ọmọ tí ó máa ń sọ pé “Bàbá fún mi owó” nílé, èyí sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òfin náà ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó wá sí kíláàsì. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń to mẹ́ta sí ara wọn: Ìyá wà ní Akẹ̀sán, Ìyá lọ sí Akẹ̀sán, Ìyá ti Akẹ̀sán dé. Ọjà kan náà ni, ìyá kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀, ọ̀kan ń lọ síbẹ̀, ọ̀kan ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí èyí kò tún ní í béèrè ohun tí ọ̀rọ̀-atọ́kùn wà fún mọ́.

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni ọ̀rọ̀ lórí, nínú, lẹ́yìn, lábẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni gírámà Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń fi ojú wa wo nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn kan fún orí nǹkan, òmíràn fún inú rẹ̀, òmíràn fún ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń rò pé lórí, nínú àti lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá. Ní nìkan ni atọ́kùn nínú gbogbo wọn. Bí fáwẹ̀lì i bá tẹ̀ lé ní, ní yóò pa n rẹ̀ mọ́, bí i nílé àti nínú. Bí fáwẹ̀lì mìíràn bá tẹ̀ lé e, n náà yóò di l, ohùn òkè tí ó wà lórí ní yóò sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tí ó kù. Ìdí nìyẹn tí ní ọjà fi di lọ́jà, tí ní orí sì fi di lórí. Orí, inú, ẹ̀yìn àti abẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ gidi, wọ́n sì lè ṣe olùwà gbólóhùn fúnra wọn: orí tábìlì náà mọ́, inú ìkòkò yìí dúdú, ẹ̀yìn ilé wa fẹ̀.

Láti ibí yìí ni ẹwà èdè wa ti ń hàn. Yorùbá fi ara ènìyàn wọn ayé. A ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wẹ̀ létí odò, a ń ṣeré nídìí ọ̀pẹ, a ń dáko lẹ́sẹ̀ òkè, a ń pàdé ara wa lójú ọ̀nà. Ní ni ó mú gbogbo wọn wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tí a yàn ni ó sọ bí ibẹ̀ ti rí. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọmọ Ọ̀yọ́ ń sọ lórí fóònù pé òun wà “lórí ọ̀nà”, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ronú níbẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ wà lọ́nà tàbí lójú ọ̀nà. Bí mo bá ti ṣàlàyé pé lórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ máa ń ṣe àtúnṣe yìí fúnra wọn, wọn a sì máa mú àpẹẹrẹ tí èmi kò rántí wá láti ẹnu àwọn ìyá àgbà wọn.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó gbé ìbéèrè ńlá dìde ni ti gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́. “Ìyá wà ní Akẹ̀sán” yóò di “Akẹ̀sán ni Ìyá wà.” “Ìyá lọ sí Akẹ̀sán” yóò di “Akẹ̀sán ni Ìyá lọ.” Ní àti sí ti lọ. Ọmọbìnrin kan dìde nínú kíláàsì, ó ní, “Sà, ṣé eégún ń jó láìsí atọ́kùn nìyẹn?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ìyókù àkókò wa sórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi yé wọn pé ni olóhùn àárín tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ní olóhùn òkè, pé àmì àtẹnumọ́ ni. Lẹ́yìn náà a jọ wo “Ìyá ra ẹ̀fọ́ ní Akẹ̀sán”, tí ó di “Akẹ̀sán ni Ìyá ti ra ẹ̀fọ́”, níbi tí ti ti wọlé nígbà tí ní jáde. A tún wo “Ó gbé igbá sí orí ẹní”, tí ó di “Orí ẹní ni ó gbé igbá sí”, níbi tí sí kò kúrò rárá. Nítorí náà, ìgbà mìíràn atọ́kùn a lọ, ìgbà mìíràn a fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀, ìgbà mìíràn a sì dá dúró síbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni, kí ni yóò wí nípa sí tí ó parí gbólóhùn yẹn?

Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí iye ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí Yorùbá ní. Àwọn kan ka fún àti pẹ̀lú mọ́ wọn, àwọn mìíràn sì rí wọn bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. Nínú “Bàbá fún mi ní owó”, fún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí iyèméjì. Nínú “Bàbá ra bàtà fún mi”, ó ń mú mi wọ inú gbólóhùn bí atọ́kùn ti ń ṣe. Ní pàápàá ń ṣe iṣẹ́ méjì, nítorí “Mo ní ilé” kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn yàtọ̀ sí ní. Sí náà ní tirẹ̀ nínú “Kò sí owó”. Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú àgọ́ kan títí láé. Ọ̀jẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ ń dáko, ó sì ń tọ́kùn nígbà tí ọdún bá dé. Ohun tí ó ń ṣe ní ọjọ́ náà ni a fi ń pè é.

Bí mo ṣe ń ṣe é nínú kíláàsì nìyí. Fún ìdánwò àṣekágbá, mo máa ń gba àwọn ọmọ níyànjú pé kí wọ́n fi ní àti sí ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n sì kọ wọ́n sínú odindi gbólóhùn, nítorí àríyànjiyàn orí àwọn méjèèjì kò tó ti fún àti pẹ̀lú. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá tèmi, mo máa ń fún wọn ní gbólóhùn tí fún wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá pè é ní ìṣe tí ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn gba máàkì rẹ̀ pé, èyí tí ó bá pè é ní atọ́kùn tí ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn gba tirẹ̀ náà. Èyí tí ó bá kọ orúkọ ìsọ̀rí náà nìkan láìsí ìdí ni mo máa ń dá ìwé rẹ̀ padà fún pé kí ó lọ tún un kọ.